Wọ́n Pààrọ̀ Ọ̀gá Kí Wọ́n Tó Pààrọ̀ Kíndìnrín Mi

Ẹ̀yin tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé kíndìnrín yín ti dáṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mo mọ bí etí yín ṣe ń hó báyìí. Mo mọ̀ pé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn ọmọ yín bí ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò. Èmi náà gbọ́ ọ rí, mo di apá àga ilé ìwòsàn mú, mi ò lè dìde. Mi ò kọ èyí láti fi yín lọ́kàn balẹ̀ lásán. Ẹ̀rù bà mí láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì tíì tán lára mi. Ṣùgbọ́n mo wà láàyè, àwọn nǹkan kan sì wà tó yẹ kí ẹnì kan ti sọ fún mi nígbà náà.

Káyọ̀dé lorúkọ mi. Táìlì ni mò ń tẹ́. Bí ẹ bá wọ ilé tuntun kan ní Ifẹ̀ yìí, ní apá Lágeré tàbí lójú ọ̀nà Ìpetumodù, tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú tí omi kì í dúró lójú kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ mi. Iṣẹ́ ìkúnlẹ̀ ni. Ẹ̀yìn a máa ro mí, orúnkún a máa ro mí, oògùn apàrora ló sì ń gbé mi ró. Mò ń gbé e mì bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Mi ò yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò rí, torí pé ara mi le. Ara líle yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Ojú mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí mo bá jí láàárọ̀, ó máa ń wú bí ojú ẹni tí oyin ta. Fúnmi ìyàwó mi á wò mí títí, á ní, “Bàbá Dára, ṣé ẹ sunkún ni?” A ó sì rẹ́rìn-ín. Tó bá fi máa di ọ̀sán, á ti fà. Lẹ́yìn náà ló kan ẹsẹ̀. Bàtà iṣẹ́ mi ò wọ̀ mí mọ́, mo bá ra òmíràn tó tóbi jù ú lọ. Ẹ ò rí bí èèyàn ṣe ń tan ara rẹ̀ jẹ! Lọ́jọ́ kan mo fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun mi, ojú ibẹ̀ jìn wọlé, kò sì padà, àfi bí ìgbà tí mo bá tẹ sìmẹ́ǹtì tútù. Mo jókòó, mò ń wò ó. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìtọ̀ mi ń hó bí omi ọṣẹ. Ara ń yún mi láìsí èkúrú. Oúnjẹ wá ń dà bí irin lẹ́nu mi. Ẹran tí mo fẹ́ràn jù, bó bá ti kan ahọ́n mi báyìí, èébì ni.

Ohun tó gbé mi dé ilé ìwòsàn ni pé mo kúnlẹ̀ níbi iṣẹ́, mo fẹ́ dìde, mi ò lè dìde. Àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ rò pé àdúrà ni mò ń gbà. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ṣí fìlà.

Ilé ìwòsàn ńlá ni wọ́n darí mi sí, ìlà ni mo sì bá níbẹ̀. Ìlà gbígba káàdì, ìlà rírí dókítà, ìlà fífa ẹ̀jẹ̀, ìlà sísanwó ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fà. Àwọn kan ti Oǹdó wá, àwọn kan ti Èkìtì wá, wọ́n gbé ẹní àti fúláàsì dání. Ìyá kan tó jókòó tì mí bi mí pé kí ló ń ṣe mí, mo ní ẹsẹ̀ ló ń wú. Wọ́n wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n wo ojú mi, wọn ò tún bi mí ní nǹkan kan mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ ìyá yẹn dẹ́rù bà mí ju abẹ́rẹ́ lọ.

Nígbà tí èsì dé, dókítà ọ̀dọ́ kan pè mí wọlé. Ó kà á, ó tún un kà, ó wá ní, “Ọ̀gá, ta ló bá yín wá?” Bí dókítà bá bi yín pé ta ló bá yín wá, ẹ ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá ti oògùn ibà. Ó ní kí wọ́n pe Fúnmi wọlé. Ojú àwa méjèèjì ló ti sọ pé kíndìnrín mi méjèèjì ti dáṣẹ́ sílẹ̀, pé ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń jẹ wọ́n láti ọjọ́ pípẹ́, oògùn apàrora sì bá a jẹ wọ́n.

Fúnmi ní, “Ẹ ṣáà fún wọn lóògùn rẹ̀, a ó rà á.”

Dókítà náà mi orí. Ó ní kò sí oògùn tó lè jí wọn mọ́. Ẹ̀rọ ni yóò máa bá mi fọ ẹ̀jẹ̀, tàbí kí èèyàn kan fún mi ní ọ̀kan nínú tirẹ̀.

Màámi ń gbé ní agboolé wa ní Òkèrèwè. Nígbà tí wọ́n gbọ́, wọn ò sunkún, ìbéèrè ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí. “Kíndìnrín kì í ṣàdédé kú. Ta lo bá jà níbi iṣẹ́?” Mo ní mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n ní, “Ìwọ lo rò bẹ́ẹ̀.” Lọ́jọ́ kejì àgbo ti dé, ó dúdú, ó ki, ó korò bí jogbo. Ilé ìjọsìn Fúnmi náà ò gbẹ́yìn: wọ́n ní kí n gba ààwẹ̀ gbígbẹ, kí omi má kàn mí lẹ́nu, kí n sì gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Gbogbo wọn ló fẹ́ràn mi. Ibẹ̀ gan-an ló ti le. Ó rọrùn láti kọ̀ fún ọ̀tá. Ìyá ẹni ńkọ́, tó jókòó tini pẹ̀lú ife lọ́wọ́, tí omi ń dà lójú wọn?

Mo mu ún. Kò pẹ́ rárá tí mi ò fi lè mí dáadáa mọ́. Bí mo bá dùbúlẹ̀, àfi bíi pé wọ́n rì mí sínú odò. Fúnmi àti aládùúgbò wa gbé mi sínú mọ́tò, mo ya ẹnu sílẹ̀ bí ẹja tí wọ́n jù sórí ilẹ̀. Àwọn dókítà ní omi ti kún ẹ̀dọ̀fóró mi, pé àgbo náà dá kún un. Mi ò bú ẹnikẹ́ni o, mi ò sì bá àdúrà jà. Èmi náà ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ohun tí kíndìnrín tó ti kú ò lè sẹ́ dànù, ẹ má gbé e mì nítorí pé ẹni tó gbé e wá fẹ́ràn yín.

Bí wọ́n ṣe so mí mọ́ ẹ̀rọ nìyẹn. Rọ́bà kan ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde lára mi, òmíràn ń dá a padà. Mo ń wo ẹ̀jẹ̀ ara mi tó ń yí nínú ẹ̀rọ bí nǹkan ẹlòmíràn. Òtútù mú mi débi pé eyín mi ń gbá ara wọn. Ohùn kan wá láti orí ibùsùn kejì.

“Má wò ó. Àjà ni kó o máa wò. Mo ti wo ìsàlẹ̀ yẹn rí, kò sí nǹkan gidi níbẹ̀.”

Alhaji ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ará Mọ́dákẹ́kẹ́ ni wọ́n, wọ́n kọ́ ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, ọmọkùnrin wọn sì ti gbà láti fún wọn ní kíndìnrín. Wọ́n ní, “Àwọn ayálégbé mi ò sanwó, kíndìnrín mi ò ṣiṣẹ́, síbẹ̀ kò sí èyí tó fẹ́ kó jáde nínú àwọn méjèèjì.” Mo rẹ́rìn-ín títí rọ́bà fi mì lápá mi, nọ́ọ̀sì sì jágbe mọ́ wa. Láti ọjọ́ náà, Alhaji máa ń bá mi gba ibùsùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Ẹ̀rọ ọ̀hún ń jẹ owó bí iná ọyẹ́ ṣe ń jẹ koríko. Mọ́tò mi lọ, ẹ̀rọ tí mo fi ń gé táìlì tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ mọ̀ ọ́n, kò dìgbà tí mo bá kà á.

Olórí ẹ̀ka tó ń pààrọ̀ kíndìnrín nígbà náà jẹ́ àgbàlagbà kan tí a ń pè ní Bàbá Ọ̀jọ̀gbọ́n. Bí wọ́n bá wọ yàrá ẹ̀rọ, àwa tí a wà lórí ibùsùn á fẹ́ jókòó dáadáa bí ọmọ iléèwé. Wọ́n fọwọ́ lé mi léjìká, wọ́n ní, “Káyọ̀dé, wá ẹni tí yóò fún ọ, èmi fúnra mi ni màá ṣe é.” Gbogbo ìgbàgbọ́ mi, orí ọkùnrin kan ṣoṣo yẹn ni mo kó o lé.

Ẹ̀jẹ̀ Fúnmi ò bá tèmi mu. Màámi ti dàgbà, ìtọ̀ ṣúgà sì wà lára wọn. Ó wá ku Bísí, àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo. Nígbà tí bàbá wa kú, mo fi iléèwé sílẹ̀, mo lọ kọ́ iṣẹ́ táìlì, owó rẹ̀ ni mo fi rán Bísí títí ó fi parí iléèwé àwọn olùkọ́. Àwọn ọmọ kéékèèké ló ń kọ́ ní Ìpetumodù, òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀, Tósìn, sì ti ń múra ìgbéyàwó. Màámi pè wá jọ sí Òkèrèwè.

Wọ́n ní, “Bísí, ìwọ náà mọ ẹni tó wọ̀ ọ́ láṣọ. O mọ ẹni tó rán ọ níwèé.”

Bísí ní, “Mo mọ̀ ọ́n, Màámi.”

“Ó dáa. Ọ̀rọ̀ ti parí.”

Mo wà níbẹ̀. Bísí ò gbójú sókè, èmi náà ò sì wá ojú rẹ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ wa bára mu bí ẹni pé ìbejì ni wá. Bàbá Ọ̀jọ̀gbọ́n mú ọjọ́ fún wa, lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Ti Alhaji ni yóò ṣáájú tèmi.

Ọjọ́ kan ni mo dé yàrá ẹ̀rọ tí mo rí i pé àwọn nọ́ọ̀sì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Alhaji ò ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní, “Bàbá ń lọ.” Mo ní, “Bàbá wo?” Wọ́n ní, “Ọ̀jọ̀gbọ́n.” Ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì Bàbá Ọ̀jọ̀gbọ́n ti pé, méjì nínú àwọn dókítà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ abẹ sì ti gba iṣẹ́ ní òkè òkun. Obìnrin kan tó ti ibòmíràn bọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi sípò wọn. Ojora mú mi. Ẹ̀rọ ń dún, ó ń pariwo pé ìfúnpá mi ti yàtọ̀, nọ́ọ̀sì sáré wá.

Mo lọ bá Bàbá Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ọ́fíìsì wọn. Páálí ìwé wà káàkiri ilẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ láàárín àwọn páálí yẹn, mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe tèmi kí ẹ tó lọ.”

“Dìde, Káyọ̀dé.”

“Mi ò ní dìde, sà.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì mí, àgbàlagbà bíi tiwọn. “Gbọ́ mi. Gígé àti rírán kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Bí mo bá ṣe é lónìí tí mo sì lọ lọ́la, ta ni yóò tọ́jú rẹ lọ́túnla? Ẹni tí yóò wà pẹ̀lú rẹ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ló yẹ kó ṣe é.” Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń jáde, ṣe ló dà bíi pé wọ́n yọ àkàsọ̀ kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Nígbà tí ọ̀gá tuntun dé, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n dá gbogbo iṣẹ́ abẹ kíndìnrín dúró. Wọ́n kó àwa aláìsàn àti ẹbí wa jọ. Obìnrin náà kò ga, kò sì pariwo. Wọ́n ní, “Ẹ má bínú sí mi. Mi ò lè la ikùn ẹni tí mi ò mọ̀. Gbogbo yín ni màá tún rí, àti ẹ̀yin àti ẹni tó fẹ́ fún yín, lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn dókítà tuntun sì gbọ́dọ̀ bá mi ṣiṣẹ́ díẹ̀ ná, kí ọwọ́ wa mọ ara wọn.”

Alhaji na ọwọ́ sókè. “Dókítà, ikú ò ní dúró dè yín o.”

Wọ́n wo Alhaji lójú. “Mo mọ̀, Alhaji.” Wọn ò ṣèlérí. Mo ti ń retí kí wọ́n ṣèlérí, kí wọ́n tiẹ̀ parọ́ fún wa pàápàá.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Ara mi ń gbẹ, ikùn mi ń wú. Mo ń ka gbogbo ikọ́ tí mo bá wú bí ẹni pé òun ni yóò gbé mi lọ. Lọ́jọ́ kan mo dé, ẹlòmíràn ló wà lórí ibùsùn Alhaji. Mo ní bóyá wọ́n ti pe Alhaji fún iṣẹ́ abẹ ni. Mo bi nọ́ọ̀sì. Ó ń tún aṣọ ibùsùn mi ṣe, kò gbójú sókè. “Ẹ jókòó, Bàbá Dára. Ẹ na apá yín.” Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn. Ọkàn Alhaji ló dáwọ́ dúró nílé, nígbà tí wọ́n ń ṣe àlùwàlá. Mo na apá mi, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, mi ò mọ̀ ọ́n lára. Àjà ni mò ń wò.

Mo kórìíra ọ̀gá tuntun láti ọjọ́ yẹn. Mi ò ní purọ́. Bí mo bá gbọ́ ìró bàtà wọn, ara mi á bù máṣọ.

Nígbà tó kàn wá, wọ́n pe èmi àti Bísí. Wọ́n bá mi sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n ní kí n jáde. Wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ Bísí àti ara wọn. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹni tó bá mi níbẹ̀ lọ, ẹlòmíràn wá, òun náà lọ. Nígbà tí Bísí jáde, ó ti bọ́jú, etí aṣọ rẹ̀ tutù. Ó ní òun fẹ́ tètè wọ mọ́tò, ó sì lọ. Ọ̀gá tuntun pè mí wọlé.

“Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé, mi ò ní lo kíndìnrín àbúrò yín.”

“Kí ló dé, mà? Ẹ ní ẹ̀jẹ̀ wa bára mu.”

“Ẹ̀jẹ̀ nìkan kọ́ là ń wò. Mi ò lè lò ó báyìí.”

“Kí lẹ rí lára rẹ̀?”

“Ohun tí mo rí, àárín èmi àti òun ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá ẹ̀rọ lọ. Ẹ má pa ọjọ́ kankan jẹ.”

Mi ò mọ bí mo ṣe délé. Màámi ká ọwọ́ lérí. “Obìnrin yẹn fẹ́ sin ọmọ mi! Ó ti sin ti Mọ́dákẹ́kẹ́, ó tún fẹ́ sin tèmi!” Wọ́n ní àwọn á lọ jókòó sí ẹnu géètì ilé ìwòsàn, ẹni tó bá fẹ́ kó wá gbé àwọn kúrò. Fúnmi dúró títí Màámi fi lọ. Ó wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó ń fi òróró pa á, nítorí ìyúnra.

Ó ní, “Bàbá Dára, ẹ̀yin fúnra yín, ṣé ẹ bi Bísí rí?”

“Bi í ní kí ni?”

“Bóyá ó fẹ́.”

Mo ní, “Ó yá, jẹ́ ká lọ bi í.”

A lọ sí Ìpetumodù, èmi àti Fúnmi. Àwọn ọmọ iléèwé ti ń lọ sílé. Bísí rí wa láti ẹnu ọ̀nà kíláàsì rẹ̀, ó kúnlẹ̀, kò sì dìde mọ́. Mo ní, “Bísí, kí lo sọ fún dókítà?” Ṣe ló bú sẹ́kún.

“Bọ̀dá mi, ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo rò pé wọ́n á gbé mi wọlé, mi ò ní jáde. Ẹnì kan ní ibi iṣẹ́ sọ pé mi ò ní lè bímọ mọ́. Mo fẹ́ sọ fún yín, ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Ẹ̀yin lẹ rán mi níwèé. Dókítà yẹn ló kọ́kọ́ bi mí pé kí ni èmi fẹ́. Wọ́n ní kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn.”

Ìbínú ló kọ́kọ́ gbé mi. Mi ò fẹ́ kú. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mi ò fẹ́ kú, ẹni tó sì lè gbà mí wà ní ìkúnlẹ̀ níwájú mi. Ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé èmi gan-an ni Bísí ń bẹ̀rù. Èmi tí mo gbé e pọ̀n.

Mo ní, “Ìwé tí mo rán ọ, mi ò yá ọ. Mo fún ọ ni. Dìde, lọ ṣe ìgbéyàwó rẹ.”

Mo sọ fún Màámi pé èmi ni mo kọ̀, kí wọ́n má bàa yọ Bísí lẹ́nu. Àkókò yẹn ni ẹ̀rù bà mí jù lọ láyé mi. Nígbà tí mo ṣì ń retí, ẹ̀rù ní ibi tó ń lọ. Nígbà tí ìrètí tán, mo kàn jókòó tì í. Mo kọ́ Dára ọmọ mi bí wọ́n ṣe ń tan jẹnẹrétọ̀. Mo fi ibi tí omi ti ń jò lórí òrùlé han Fúnmi. Fúnmi ní, “Ẹ dákẹ́,” ó sì wọ yàrá lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ ẹ̀rọ kan ni, mo ti fẹ́ sùn lọ, mo rí Bísí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi, ọ̀gá tuntun dúró lẹ́yìn rẹ̀.

“Bọ̀dá mi, ẹ má tíì sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi tán. Mo ti ń wá bá dókítà. Èmi ni mò ń wá fúnra mi. Wọ́n mú èmi àti Tósìn lọ bá obìnrin kan tó fún ọkọ rẹ̀ ní kíndìnrín, ọmọ tó bí lẹ́yìn rẹ̀ ló pọn sẹ́yìn. Mo bi í ní gbogbo nǹkan tó wà nínú mi. Màámi kọ́ ló rán mi. Ọ̀rọ̀ ìwé kọ́. Mo fẹ́ fún yín.”

Mo ní, “Bí nǹkan bá ṣe ọ́ ńkọ́?” Ẹ̀rù mìíràn ni èyí, tuntun pátápátá. “Bísí, padà sílé.”

“Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ṣùgbọ́n kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀.”

Mo wo ọ̀gá tuntun. Wọ́n ní, “Mo bi í léraléra. Mo ní kó lọ rò ó dáadáa ná. Ó lọ, ó padà wá. Títí di ẹnu ọ̀nà tíátà, bó bá ní òun ò ṣe mọ́, a ó dá a dúró, kò sí ẹni tí yóò mọ̀dí rẹ̀.”

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n tì wá lórí ibùsùn onítáyà, Bísí ṣáájú. Ọwọ́ rẹ̀ kan tèmi bó ti ń kọjá. “Ẹ má sá lọ o,” ló sọ. Wọ́n tilẹ̀kùn. Èmi tí mo kù síta, eyín mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ara wọn. Mo fẹ́ pariwo pé kí wọ́n dá a padà. Ọ̀gá tuntun jáde wá, wọ́n ti wọ aṣọ iṣẹ́, wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọn ò sọ̀rọ̀ ìtùnú kankan. Wọ́n kàn dúró níbẹ̀ títí eyín mi fi dákẹ́.

Nígbà tí mo jí, mo ní, “Bísí ńkọ́?” Nọ́ọ̀sì ní, “Àbúrò yín ti kọ́kọ́ béèrè yín.” Ó gbé àpò rọ́bà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ìtọ̀ ló kún inú rẹ̀, ó pọ́n bí omi tíì. Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti tọ̀ dáadáa kẹ́yìn. Mo sunkún nítorí ìtọ̀. Nígbà tí wọ́n sọ fún Màámi lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jó láìsí orin.

Ẹ má rò pé ẹ̀rù tán síbẹ̀. Ara mi fẹ́ kọ kíndìnrín náà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dá mi padà sí wọ́ọ̀dù, wọ́n fi oògùn líle gbà á. Ìyàwó Alhaji wá kí mi níbẹ̀. Wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n ní inú Alhaji ì bá dùn. Mi ò lè wo ojú wọn. Lọ́jọ́ kan mo bi ọ̀gá tuntun pé, “Mà, ká ní ẹ ò dá iṣẹ́ dúró, ṣé Alhaji ì bá wà láàyè?” Wọ́n ní, “Mi ò mọ̀. Èmi náà máa ń rò ó. Ká ní mo yára ṣe é, mi ò mọ̀ bóyá Alhaji àti ọmọ wọn ni ǹ bá pàdánù.” Mi ò kórìíra wọn mọ́, àmọ́ ìbéèrè náà ṣì wà nínú mi, mo sì rò pé ó wà nínú tiwọn náà.

Ìdí tí mo fi kọ èyí nìyẹn. Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò kí ojú tó wú. Ẹ yé gbé oògùn apàrora mì bíi tèmi. Bí wọ́n bá sì pààrọ̀ ẹni tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé, àyà yín á já, kò sí ọgbọ́n tí ẹ lè ta sí i. Ẹ ṣáà má pa ọjọ́ ẹ̀rọ jẹ. Ẹni tó bá sì fẹ́ fún yín ní ẹ̀yà ara rẹ̀, ẹ bi í fúnra yín, kí ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn rẹ̀.

Mi ò kúnlẹ̀ tẹ́ táìlì mọ́, eruku ò dára fún mi. Mò ń dúró ti àwọn tó ń tẹ́ ẹ, mo bo imú. Mò ń lo oògùn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, n ó sì máa lò ó títí ayé mi. Bísí ti ṣègbéyàwó, ó ti lóyún, oyún náà sì dára lójú àwọn dókítà, èmi ni mi ò lè fọkàn balẹ̀. Èsì àyẹ̀wò kíndìnrín mi tó kẹ́yìn ga díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀gá tuntun ní kí n tún un ṣe, ọ̀la ni mo fẹ́ lọ gbọ́ ọ.

Bísí ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí lórí fóònù. Ó ní òun á bá mi lọ. Mo ní kó jókòó ti oyún rẹ̀. Ó ní, “Bọ̀dá mi, kíndìnrín wa ńkọ́?”

Mo fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ikùn mi lápá ọ̀tún, níbi tó wà. Ó gbóná.

Mo ní, “Ó wà ńbẹ̀.”